Àìsùntó: Oorun Àwọn Ọ̀dọ́langba àti Àwọn Ọ̀rọ̀ tí A Lè Fi Ṣàlàyé Rẹ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí láti wá ṣe ògbufọ̀ ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Nọ́ọ̀sì kan ni ó fẹ́ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nípa oorun àwọn ọmọ wọn tí wọ́n wà láàárín ọdún 13 sí ọdún 18. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin péré, mo sì rò pé iṣẹ́ náà kò le. Ta ni kò mọ oorun? Ṣùgbọ́n kí n tó ka ojú ìwé kìíní tán ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í há mi lẹ́nu. Ohun mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì pè ní orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èmi pè ní àìsùn. Nígbà tí mo parí, ìyá kan dìde láàárín èrò, ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àìsùn yìí kò kan ọmọ tèmi. Ibi tí a bá fi í sí náà ni í máa sùn sí. Ọ̀lẹ ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni mo ṣi obìnrin náà lọ́nà. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ní sáà yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti nà án nítorí pé ó ń sùn nínú kíláàsì. Ohun tí nọ́ọ̀sì wá sọ gan-an ni pé ọmọ tí ó ń sùn káàkiri ní ọ̀sán ni ọmọ tí oorun rẹ̀ kò tó ní òru. Èmi, nípa lílo àìsùn, ti sọ ọ́ di pé ọmọ tí kò bá rí oorun sùn ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ṣì lò, ọmọ kan sì padà sí abẹ́ pàṣán.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ oorun jọ. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 kò ràn mí lọ́wọ́ níhìn-ín, kò sì yẹ kí á bá a wí, nítorí pé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Mo fi ohun tí mo rí síwájú àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, àwọn ìlú Ìgbómìnà tí wọ́n bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà tí ìjọba dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yọ ìlú Yorùbá kankan sílẹ̀.

Ohun tí èdè wa ti ní

Èdè Yorùbá kò tòṣì rárá lórí ọ̀rọ̀ oorun. Bí ojú bá kọ́kọ́ ń wúwo, a ó ní oorun ń kùn ún. Bí ó bá jókòó tí orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń tòògbé nìyẹn. Bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó rẹjú. Lẹ́yìn náà ni oorun óò gbé e lọ, tí yóò sùn fọnfọn, tàbí tí yóò sùn wọra débi pé bí a bá gbé e láti orí ẹní kan sí òmíràn, kò ní mọ̀. Ó lè hanrun, ó lè lálàá, ó lè ta jí. A tilẹ̀ ní orúkọ fún ẹni tí ó díbọ́n pé òun sùn, òun ni apirọrọ, òwe wa sì sọ pé ẹni tí ó sùn ni à ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ó dá mi lójú pé ojú apirọrọ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń wo ọmọ tí ó gbé orí lé tábìlì nínú kíláàsì.

Ẹni tí ó bá wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fínnífínní yóò rí i pé àwọn baba wa ti ṣàkíyèsí pé oorun kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ní ọdún 1953 ni Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman, ní Yunifásítì Chicago, kéde pé àwọn ìgbà kan wà lóru tí ẹyinjú ẹni tí ó sùn máa ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú, àti pé bí a bá jí i ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, àlá ni yóò máa rọ́. Lónìí a mọ̀ pé oorun a máa yí po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀kan: láti orí oorun fẹ́ẹ́rẹ́ dé orí oorun tí ó jinlẹ̀, títí dé orí èyí tí ẹyinjú ń yí. Oorun tí ó jinlẹ̀ ni ó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ òru. Èyí tí ẹyinjú ń yí ni ó pọ̀ jù bí ilẹ̀ bá fẹ́ẹ́ mọ́. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n jí ní ìdájí kò pàdánù gbogbo irú oorun ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n gé kúrò fún un.

Fún oorun tí ó jinlẹ̀, a kò nílò ọ̀rọ̀ titun. Oorun àsùnwọra ti wà nílẹ̀, ó sì bá a mu. Èkejì ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan fẹ́ kí a máa pè é ní oorun àlá, mo sì gbà pé ó dùn létí. Ohun tí kò jẹ́ kí n fara mọ́ ọn ni pé àlá kì í ṣe ti irú oorun yìí nìkan. A ti jí àwọn ènìyàn láti inú oorun mìíràn tí wọ́n sì rọ́ àlá. Mo dábàá oorun ẹyinjú yíyí. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí ni ó sọ, kò sì ní purọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti àìsùn tí ó kó mi sí wàhálà, mo rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Kí á fi àìsùn sílẹ̀ fún ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ìyẹn ni pé kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ jókòó di òwúrọ̀, bíi ti àìsùn òkú tàbí ti ìsọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àìróorunsùn ni ti ẹni tí ó dùbúlẹ̀, tí ó fẹ́ sùn, tí oorun kò wá. Àìsàn ni èyí, ó sì lè gba pé kí á rí dókítà. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí oorun wá bá, tí ó sì sùn, ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́ kí ó sùn tó. Èyí ni mo pè ní àìsùntó. Ọmọ ìyá yẹn kò ṣe àìsùn, kò sì ní àìróorunsùn. Àìsùntó ni tirẹ̀.

Aago ara àti ẹrù oorun

Báwo ni oorun tí ó tó ṣe pọ̀ tó? Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná ní ọdún 2016: wákàtí 9 sí 12 fún ọmọ ọdún 6 sí 12, wákàtí 8 sí 10 fún ọmọ ọdún 13 sí 18. Ìwádìí tí ó ṣí wa lójú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1976 ní Yunifásítì Stanford. Mary Carskadon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọmọdé jọ, wọ́n fún wọn ní wákàtí 10 lórí ibùsùn lálaalẹ́, wọ́n sì ń pè wọ́n padà lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Wọ́n retí pé bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni oorun tí ó nílò yóò máa dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ti bàlágà àti èyí tí kò tíì bàlágà, wákàtí 9 àti díẹ̀ ni gbogbo wọn sùn, àwọn tí wọ́n ti bàlágà ni oorun sì túbọ̀ ń kùn ní ọ̀sán. Gbogbo wa ni a gbà pé ọmọ tí ó bá ti ń gùn ti kúrò ní ọmọ orun. Ara kò mọ ìyẹn.

Kí ni ó wá fa á tí wọn kì í fi tètè sùn? Níhìn-ín ni iṣẹ́ atúmọ̀ èdè ti le, nítorí pé ohun méjì ni ó ń darí oorun, a sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ fún méjèèjì. Alexander Borbély ni ó to méjèèjì pọ̀ ní ọdún 1982. Èkíní ni ohun tí ó ń kóra jọ sínú ọpọlọ láti ìgbà tí a bá ti jí, tí ó ń wúwo sí i bí ọjọ́ ṣe ń lọ, tí ó sì jẹ́ pé oorun nìkan ni ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú "oorun ń kùn mí", ṣùgbọ́n kíkùn ti jẹ́ ìráhùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹrù oorun ni mo wá mú. Ẹni tí ó bá ti ru ẹrù láti oko wá sílé mọ ohun tí mo ń sọ: bí a bá sọ ìdajì kalẹ̀ lónìí, ìdajì tí ó kù ni a óò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Adẹnosíìnì wà lára àwọn èròjà tí ó ń di ẹrù náà.

Èkejì ni aago ara. Kò sí ìṣòro lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kí aago tó dé ni a ti ń pín ọjọ́ sí ìdájí, àfẹ̀mọ́jú, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́, àkùkọ tí kò ní aago lọ́wọ́ sì mọ ìgbà tí yóò kọ. Aago yìí wà nínú gbogbo ẹ̀yà ara. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ṣàwárí àwọn jíìnì tí ó ń yí i, Hall, Rosbash àti Young, ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2017. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tún un tò lójoojúmọ́. Ní Ìlá, tí ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nǹkan bí wákàtí kan péré ni ọjọ́ tí ó gùn jù lọ lọ́dún fi ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Oòrùn wa kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Iná mànàmáná, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni wọ́n ń tan aago ara jẹ, torí pé ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ń sọ fún un pé ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní tòótọ́, kókó kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun oje tí Aaron Lerner ní Yunifásítì Yale yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1958, tí wọ́n sì ń pè ní mẹlatóníìnì. (Kí àwọn olùkọ́ kíyè sí àmì ohùn níhìn-ín: oje ń sun, ọmọ ń sùn.) Mo ti rí i tí àwọn kan pè é ní oje oorun. Mo lòdì sí i. Àwọn eku tí wọ́n ń jẹ̀ lóru náà ní oje yìí, òru náà ni ó sì ń sun nínú ara wọn, ní ìgbà tí ojú wọn là kedere. Òru ni oje náà ń kéde, kì í ṣe oorun. Oje òru ni kí á máa pè é.

Ní ìgbà ìbàlágà, oje òru yìí a máa pẹ́ kí ó tó jáde. (Bàlágà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Lárúbáwá gba ọ̀dọ̀ Haúsá wá sọ́dọ̀ wa ni, kò sí ẹni tí ó tún rántí pé àyálò ni.) Ní ọdún 1993, Carskadon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ìbàlágà ọmọ bá ṣe ń lọ síwájú ni ó ń fẹ́ láti pẹ́ sùn, kí ó sì pẹ́ jí. Ẹrù oorun pàápàá kì í tètè wúwo lára wọn bíi ti ìgbà èwe. Mo gbìyànjú láti pe àyípadà yìí ní ìsúnsíwájú aago, mo sì já a jù sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí a bá ní wọ́n sún ìpàdé síwájú, ẹnì kan lè gbọ́ ọ pé yóò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹlòmíràn óò gbọ́ ọ pé yóò pẹ́. Ìpẹ́sùn kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ ń to ìlà àárọ̀ ní agogo 7:30. Ọmọ tí yóò gbálẹ̀, tí yóò pọnmi, tí yóò kírun àsùbá tàbí tí yóò bá ará ilé gbàdúrà òwúrọ̀, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ẹ̀kọ́, ní láti jí ní agogo 5. Bí yóò bá sùn fún wákàtí 9, agogo 8 alẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ ti sùn lọ. Aago ara ọmọ ọdún 15 kì í sábà gbà fún un ṣáájú agogo 10 tàbí 11. Ó ku wákàtí 6 tàbí 7. Bí a bá fi wákàtí 2 ṣe gbèsè òru kan, láàárín ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ti jẹ gbèsè oorun wákàtí 10, ìyẹn ni òru kan odidi. Ọjọ́ Sátidé tí ó yẹ kí ó fi san án ni ọjọ́ oko, ọjọ́ aṣọ fífọ̀, ọjọ́ ilé kéú tàbí ti ìkọ́ṣẹ́.

Kì í ṣe gbèsè lásán. Inú oorun àsùnwọra, ní kété lẹ́yìn tí a bá ti sùn, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú họ́mòònù ìdàgbàsókè ti ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Inú oorun náà ni ọpọlọ ti ń to ẹ̀kọ́ ọjọ́ sí àyè wọn. Láti ọdún 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ti fi hàn ní Yunifásítì Cornell pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ nǹkan tí ó sì sùn lé e rántí rẹ̀ ju ìgbà tí ó kọ́ ọ tí ó sì wà lójúfò fún wákàtí kan náà. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ fi òru ka ohun tí òun kọ́ ọ ní ọ̀sán ń tú ohun tí òun fúnra rẹ̀ dì. Ọmọ ọdún 17 kan ní San Diego, Randy Gardner, tilẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò láti oṣù kejìlá ọdún 1963 bọ́ sí oṣù kìíní ọdún 1964: wákàtí 264 ni kò fi sùn. Kò pẹ́ tí inú fi ń bí i lórí ohun tí kò tó nǹkan, tí ìrántí rẹ̀ ń já, tí ó sì ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n fi obì lé oorun

Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ San Diego ṣe, nígbà tí àpẹẹrẹ wà nílé? Ní ìparí àwọn ọdún 1950, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà kan, Raymond Prince, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá sọ ẹjọ́ kan náà: orí ń ta wọ́n, ó ń gbóná, ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú wọn ń ṣú sí ìwé, wọ́n ń ka ìwé, kò yé wọn, ohun tí wọ́n kà kò dúró. Ní ọdún 1960 ni ó kọ̀wé lórí rẹ̀, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, brain fag, ni ó sì fún un. Ó rò pé ìkọlù ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó, tí olúkúlùkù ń dá kà, àti ìwà àjọṣe tiwa ni ó fà á.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1980, Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tọ́ka sí ohun tí ó sún mọ́ ilẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ń làkàkà ju agbára wọn, wọ́n ń fi oorun du ara wọn, wọ́n sì ń lo ohun tí ń lé oorun. Ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé: obì lẹ́nu, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú omi tútù, àtùpà lórí tábìlì. Àti gbànja àti obì àbàtà ni wọ́n ní kaféènì nínú bíi kọfí. Kaféènì kò sì sọ ẹrù oorun kalẹ̀. Ó kàn jókòó sí àyè tí ó yẹ kí adẹnosíìnì jókòó sí ni, tí ọpọlọ kò fi mọ̀ pé ẹrù wà lórí. Bí obì bá ti dá, ẹrù náà wà níbẹ̀ gbáko.

Kí ni a ó pe àìsàn yìí ní Yorùbá? Àárẹ̀ ọpọlọ ni mo ti rí, àmọ́ àárẹ̀ máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé bí ó bá jókòó díẹ̀, yóò tán. Orí gbígbóná sún mọ́ ohun tí àwọn aláìsàn ń sọ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ibà. N kò tíì rí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn ju àwọn wọ̀nyí, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé.

Àwọn àgbà kan ní Ìlá sọ fún mi pé ìgbà tiwọn kò sí iná, kò sí fóònù, wọ́n sì sùn dáadáa. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìgbà àtijọ́ lórí. Ní ọdún 2015, Jerome Siegel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn oorun àwọn Hadza ní Tànsáníà, àwọn San ní Nàmíbíà àti àwọn Tsimane ní Bòlífíà, tí wọn kò ní iná mànàmáná. Oorun àwọn àgbà wọn kò ju ìwọ̀n wákàtí 6 sí 7 lọ. Àgbà ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ọ̀dọ́langba, ṣùgbọ́n ó tó láti kìlọ̀ fún wa pé òkùnkùn nìkan kọ́ ni ó ń mú oorun pọ̀.

Ní ìlú mìíràn, wákàtí ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n yí padà. Ní ìlú Seattle, ní ọdún 2016, wọ́n gbé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti agogo 7:50 lọ sí 8:45; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 34 kún oorun wọn. Òfin ìpínlẹ̀ Kalifóníà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2022, kò gbà kí ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà bẹ̀rẹ̀ ṣáájú agogo 8:30. Ní ti àwa, àríyànjiyàn ọdún 2025 dá lórí agogo 6:30 àárọ̀ tí JAMB ní kí àwọn olùdíje kan ti dé ibi ìdánwò. Àjọ náà ṣàlàyé pé àyẹ̀wò ìdánimọ̀ ni, pé agogo 8 ni ìdánwò gan-an. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ìdánwò Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC pẹ́ débi pé iná tọ́ọ̀ṣì ni àwọn ọmọ fi kọ ọ́ ní àwọn ibì kan. WAEC tọrọ àforíjì. Láàárín oṣù kan àti díẹ̀, a ti fi òpin méjèèjì òru dánra wò lára àwọn ọmọ kan náà.

Mo padà lọ bá ìyá ọmọ yẹn lẹ́yìn ìpàdé. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ, mo lo àìsùntó àti ẹrù oorun, mo sì rí i pé ó yé e kí n tó parí. Ó ní, "Ẹrù oorun. Èmi náà ń rù ú." Àkàrà ni ó ń dín tà ní àárọ̀. Agogo 4 ni òun àti ọmọ náà máa ń jí, ọmọ ni ó ń gbé ẹ̀wà lọ sí ibi ẹ̀rọ, nítorí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti kọjá, ọjà ti tán. Owó àkàrà náà ni owó ilé ẹ̀kọ́. Ó bi mí pé èwo ni kí òun fi sílẹ̀ nínú méjèèjì, n kò sì rí èsì fún un. Ohun tí mo rí ṣe ni pé mo lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sí ojú pátákó fún òun. Mo kọ ọ́: àìsùntó. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí ọmọ náà máa rẹjú fún ogún ìṣẹ́jú ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, ní ọ́fíìsì òun, lórí bẹ́ǹṣì.